Iná Ọkọ̀ ní Àkókò Ọyẹ́

Nígbà tí òjò bá dá tán, tí oṣù kejìlá sì wọlé, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa ru eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ń lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́ lè gbọ́ ìró ọkọ̀ kí ó tó fi ojú rí ọkọ̀ náà.

Nínú kùrukùru yìí, àwọn awakọ̀ kan kì í tan iná rárá. Wọ́n ní ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn mìíràn a tan iná ńlá tí ń wo ọ̀nà jíjìn, wọ́n rò pé yóò la eruku já. Kò lè là á. Bí iná ńlá bá ba eruku tí ó kún ojú òfuurufú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a padà sí ojú ẹni tí ó tàn án, bí ẹni pé a ta aṣọ funfun síwájú ọkọ̀. Iná kékeré tí ó dorí kọ ilẹ̀ ni ó yẹ. Ó ń fi ọ̀nà han awakọ̀, ó sì ń fi ọkọ̀ rẹ̀ han ẹni tí ń bọ̀.

Eré tún ńkọ́? Ọkọ̀ tí ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bí 22 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwé òfin ojú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé yóò rin 53 mítà kí ó tó dúró, láti ìgbà tí awakọ̀ ti rí ewu. Bí ọyẹ́ kò bá jẹ́ kí ojú ríran ju 40 mítà lọ, tí tírélà kan sì bàjẹ́ sí ọ̀nà Òmù-Àrán sí Ìlọrin láìní iná lẹ́yìn, awakọ̀ yóò kọ lù ú, tòun ti gbogbo èrò tí ó kó. Ẹni tí ń sá 48 kìlómítà yóò ti dúró láàárín 23 mítà.

Àwọn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ a máa já ewé sí ojú ọ̀nà. Àṣà àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ewé kì í dán lóru. Àmì onígun mẹ́ta tí ń dán bí iná bá bà á ni òfin ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, a sì máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí iná ọkọ̀ rẹ̀ kò pé.

Ohun kan wà tí ènìyàn púpọ̀ kò fiyè sí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá òsì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gbà, etí ọ̀nà tí ó wà ní òsì ni iná kékeré ọkọ̀ wọn sì ń kọjú sí. Bí a bá ra irú iná bẹ́ẹ̀ ní tókùnbọ̀ tí a so ó mọ́ ọkọ̀ níhìn-ín, ojú ẹni tí ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí, bí awakọ̀ tilẹ̀ ti rẹ iná sílẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé ni ó yẹ kí mẹkáníìkì ti pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti eruku tí ń bo ojú iná mọ́lẹ̀, àkísà tútù kan ní ìdíkọ̀ tó o, kí ọkọ̀ tó ṣí ní ìdájí.