Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ọmọ ajá í sáré

Bí ọ̀kadà bá gbá ọmọ ajá ládùúgbò wa, ohun méjì lèèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ó kú síbẹ̀ jàre, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe?" Àwọn mìíràn á káàánú rẹ̀, wọ́n á ya fídíò, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bèèrè pé bí dókítà ẹranko bá gé ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn kúrò, ṣé ọmọ ajá náà ṣì lè gbádùn ayé rẹ̀. Ó lè gbádùn rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó fẹ́ sìn ín ló kù sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti ibi òfin mú un, torí òun ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Abala 495 nínú Criminal Code, tó wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2004, sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura, tàbí kó san owó ìtanràn ₦50, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fún un. Àádọ́ta náírà! Owó yẹn kò gbé èèyàn dé ìkòríta lórí ọ̀kadà. Ẹ wá rí i pé ẹni tó bá ń dúró de òfin kó tó tọ́jú ajá rẹ̀, ajá ọ̀hún ti kú. Àwa tí à ń gbé ẹranko wọlé la máa fúnra wa pinnu ohun tó tọ́ sí i.

Kí ló dé tí mo fi ní ó lè gbádùn? Nínú ìwúwo ajá, bí ìdá 60 nínú 100 ló wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, ìyókù wà lórí ti ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí àìsí ẹsẹ̀ iwájú kan fi máa ń ni í lára ju àìsí ti ẹ̀yìn lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá fúyẹ́, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dìde láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n á sì ti mọ ẹsẹ̀ mẹ́ta lò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí ajá tó ń jókòó síbì kan máa ro ohun tí aráyé máa sọ.

Ẹ̀rù lè bà yín tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé dókítà fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà sókè pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ṣẹ́. Ó nídìí. Bí wọ́n bá fi kùkùté sílẹ̀, ajá á máa fẹ́ fi tẹlẹ̀, ibẹ̀ á máa bó, á sì degbò. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n máa ń yọ okùn tí wọ́n fi rán an. Kí wọ́n tó yọ ọ́, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó lá ojú egbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tẹ́yin ń lò. Ibuprofen tó ń ṣe yín lóore lè dá ọgbẹ́ sí ikùn ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ohun tí dókítà bá kọ fún un ni kó lò.

Ilé ló kàn. Táìsì tó ń dán yẹn lọ̀tá ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, torí bí ẹsẹ̀ kan bá yọ̀, kò sí èyí tó máa gbà á dúró. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tàbí ẹní síbi tó máa ń gbà kọjá, kẹ́ ẹ sì máa gé èékánná rẹ̀ kó lè rí ilẹ̀ tẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ òkè ilé lẹ̀ ń gbé, ẹ mú ọ̀já, ẹ gbà á kọjá lábẹ́ ikùn rẹ̀, kẹ́ ẹ fi máa ràn án lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ má jẹ́ kó máa bẹ́ sílẹ̀ látorí àga tàbí látinú mọ́tò.

Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é lọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń káàánú rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ fún un síi, ojú ẹ̀ ti rí tó." Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹrù tó yẹ kí ẹsẹ̀ mẹ́rin máa gbé ni mẹ́ta ń gbé, bí ajá náà bá tún wá sanra, oríkèé ẹsẹ̀ tó kù ló máa sanwó ẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́: ó yẹ kẹ́ ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ awọ láìjẹ́ pé wọ́n yọ síta gannku.

Ẹ má sì so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò pé. Iṣan tó lágbára ló ń gbé e ró. Ẹ mú un rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, lórí koríko tàbí iyẹ̀pẹ̀. Tó bá jókòó, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó mọ ibi tí agbára òun mọ. Tó bá ń pẹ́ kó tó dìde láàárọ̀, tàbí tó ń lá oríkèé kan ṣáá, ara ń ro ó nìyẹn, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi náà ṣe kókó, ó lè gbà á tó bá ti pé oṣù 3. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB l'Ábẹ́òkúta náà.

Mi ò ní parọ́ fún yín: owó wà nínú ẹ̀, àkókò sì wà nínú ẹ̀. Ajá lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ tó kù ló bàjẹ́, tí dókítà á sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó sùn lọ láìjẹ̀rora. Ẹni tó bá gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ṣìkà. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ká ti dájọ́ ikú fún un lójú títì, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa ẹranko tó fojú kàn án.

Nítorí náà, nígbà míì tẹ́ ẹ bá rí i tí ọmọ ajá ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ẹ fi fóònù yẹn pe dókítà ẹranko kẹ́ ẹ tó ya fídíò. Bí agbára yín ò bá ká owó rẹ̀, ẹ dá a jọ láàárín ara yín nínú ilé. Bẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ò ní lè sìn ín, ẹ wá ẹni tó lè sìn ín fún un. Èyí tó kù, ọmọ ajá náà máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ṣe é.