Kì í ṣe táyà tó fẹ̀ jù ló ń gbẹ́rù jù: Ohun tó yẹ kẹ́ni tó ń fi ọ̀kadà ṣòwò mọ̀

Lójú ọ̀nà tó ti Ìkìrun gba Ìnísà lọ sí Òkukù, ọ̀kadà kì í ṣe ohun fàájì. Òun ló ń kó ẹ̀gẹ́, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde lóko, òun náà ló ń gbé èrò dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọ̀kadà fún ẹlòmíràn gùn, tó ń gbowó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ló mọ iye tó ń mú wọlé, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀ àfi tó bá dá wọn dúró.

Bí ẹrù bá ti ń pọ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọlọ́kadà ni pé kóun fi táyà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ó máa ń wuyì lójú lóòótọ́. Àmọ́ bí táyà bá fẹ̀ ju ríìmù lọ, ńṣe ni ríìmù máa fún un lẹ́sẹ̀ pọ̀, ìrísí rẹ̀ á yí padà, ẹ̀yìn máṣìnnì á sì máa mì bó bá fẹ́ yà. Nígbà míì, á máa ha ṣéènì tàbí mọ́gáàdì. Èyí tó burú jù fẹ́ni tó ń kẹ́rù ni pé táyà tó bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ wúwo fún ẹ́ńjìnnì. Òkè tí jíà kejì ń gùn tẹ́lẹ̀ lè di ti jíà kìn-ín-ní. Ẹrù tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ táyà gan-an ló wá ń le é gbé.

Bajaj Boxer 100 máa ń lo 2.75-17 níwájú, 3.00-17 lẹ́yìn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní ínṣì, 17 sì ni ríìmù tó bá a mu. Ẹ má kúrò níbẹ̀. Agbára táyà ni kẹ́ ẹ wò: èyí tí wọ́n kọ 6PR sí lára le ju 4PR lọ. Bẹ́ ẹ bá rí 47 lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀, kílò 175 ló lè gbé. 50 jẹ́ kílò 190. Ìwúwo máṣìnnì àti ẹni tó ń gùn ún wà nínú ìṣirò yẹn o.

Fún ọ̀nà ọ̀dà, táyà iwájú tí ilà rẹ̀ yí po máa ń jẹ́ kí ọwọ́ dúró dáadáa. Ẹni tó ń wọ oko lásìkò òjò nílò èyí tó ní kókó kókó lára lẹ́yìn, torí pé ẹrẹ̀ máa ń tètè dí ilà tóóró.

Ríìmù oní-sípóòkì ló bá oko mu jù. Bí sípóòkì kan bá ṣẹ́, òun nìkan lẹ máa pààrọ̀. Èyí tí wọ́n dà pọ̀ lódindi, bó bá ti sán, odindi lẹ máa rà. Ẹ máa fi sípánà kan sípóòkì kọ̀ọ̀kan: èyí tí kò dún gbọnrangandan ti dẹ̀. Ẹ sì má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ tíúbù kúrò níbẹ̀, atẹ́gùn á gba ihò sípóòkì jáde.

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun lọ̀pọ̀ táyà ti ń wá, òmíràn á sì ti pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó dá wà lára rẹ̀: 2324 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é. Èyí tí wọ́n so síta sínú oòrùn, bó tiẹ̀ jẹ́ tuntun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti atẹ́gùn, ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lásán. Ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí máṣìnnì tó jáde, nígbà tí táyà ṣì tutù. Nǹkan bíi 25 máa ń tó iwájú, 28 lẹ́yìn fẹ́nì kan, 32 bí èrò tàbí ẹrù bá wà. Ìwé tó bá máṣìnnì wá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé bó bá yàtọ̀ sí èyí.