Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó ra àga onítáyà fún Màmá

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yẹn, àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ọ̀hún ló sì jẹ́ oníṣòwò kéékèèké, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kí wọ́n tó rí owó ọbẹ̀ lálẹ́.

Ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé n'Íbàdàn wà lára wọn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ló bá mú lára ojú owó tó fẹ́ẹ́ fi ra ọjà, ó fi ra àga onítáyà táwọn èèyàn ń pè ní wheelchair. Ìgbà tí wọ́n gbé e délé ni wọ́n tó rí i pé kò gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ kọjá. Aṣọ ni wọ́n wá ń sá sórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìyá náà ò fìgbà kan sọ pé òun ò lè rìn. Ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí nǹkan dì mú tóun bá fẹ́ẹ́ dìde nílé ìwẹ̀.

Tí oníbàárà bá wá ra irin lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló fẹ́ẹ́ fi ṣe. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò bi ìyá rẹ̀.

Ẹ tẹ̀ lé wọn rìn

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tẹ̀ lé Màmá tàbí Bàbá láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀, dé ẹnu ọ̀nà ìta, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ti ògiri àti ibi tí wọ́n ti ń dúró sinmi. Ẹ bi wọ́n léèrè, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn dáhùn. Ohun tí àgbà kò bá fọwọ́ sí, kò ní í lò ó.

Tó bá jẹ́ pé ìṣubú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́sibítù. Ó lè jẹ́ ojú ni, ó sì lè jẹ́ oògùn tí wọ́n ń lò. UCH n'Íbàdàn ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012.

Èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà?

Ẹni tó ṣì ń rìn, àmọ́ tí ẹsẹ̀ kan ń dùn, ọ̀pá ló nílò. Kó dúró ṣánṣán pẹ̀lú bàtà ẹ̀, kó sọ ọwọ́ sílẹ̀. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ọrùn ọwọ́ ẹ̀ dọ́gba. Ọwọ́ tó wà ní òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni kó fi mú un, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì dì mú ló máa wúlò fún un.

Nílé ìwẹ̀, irin ìdìmú tí wọ́n dè mọ́ ògiri ló dáa jù. Wẹ́dà àdúgbò lè ṣe é. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi tówẹ̀lì kọ́ o, ìyẹn á já lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbára lé e. Kí wọ́n dè é wọnú búlọ́ọ̀kù dáadáa, kẹ́yin fúnra yín sì fi gbogbo agbára fà á wò. Fún òru, káfíńtà lè ṣe àga oníhò tẹ́ ẹ máa gbé pó sábẹ́ ẹ̀.

Àga onítáyà wà fún ẹni tí kò lè rìn mọ́, tàbí tí ọ̀nà jíjìn ń rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ̀ tó íǹṣì 25. Ẹ ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fi tépù wọn àyè tó ṣẹ́ kù. Tó bá tó íǹṣì 32, ara tu yín. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ẹ́ fi sìmẹ́ǹtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò àtẹ̀gùn, gbogbo íǹṣì kan tó bá ga, kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan gùn. Àtẹ̀gùn tó ga ní íǹṣì 14 máa gba ẹsẹ̀ bàtà 14. Tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àga lè já mọ́ ẹni tó ń tì í lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé yàrá wọn wá sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun àtẹ̀gùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tíná bá lọ tó sì pẹ́, ọ̀rọ̀ lè di ti jẹnẹrétọ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan ojú owó

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé èèyàn bíi 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dún kárí ayé, àwọn tó ti lé lẹ́ni 60 ọdún ló sì pọ̀ jù. Ẹni tí kò kú, tí egungun ìbàdí ẹ̀ ṣẹ́, á pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹ̀ náà á sì wà ní títì. Owó irin ìdìmú ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Ẹ kọ ohun gbogbo sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọjà: èyí tó gbọ́dọ̀ wà lọ́sẹ̀ yìí, àti èyí tó lè dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá kó èsúsú. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ, kí kálukú mú nǹkan wá. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ẹ́ rà, ẹ yẹ bíréèkì ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọkùnrin Ìbàdàn yẹn ti rí irin dè mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ ìyá rẹ̀ báyìí. Inú ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀ ló ti mú un.