Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ewúrẹ́ Ti Ń Rọbí

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oògùn, ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ni ẹ ń bi wá jù ní tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde kí wọ́n tó rántí ẹní àti ìkòkò. A kò bá wọn wí. Ewúrẹ́ kan tó lóyún lè di mẹ́ta kí ọdún tó yí, owó ilé-ìwé ọmọ sì lè wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí ẹ so mọ́ abẹ́ fèrèsé kíláàsì, lórí ilẹ̀ tútù, láàárín ẹran àjèjì, kò ní rọrùn fún un bíi ti ẹ̀yìnkùlé yín. Nílé, ẹ lè kàn jí láàárọ̀ kí ẹ rí ọmọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Níhìn-ín, ọmọ tó bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ lóru lè ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó lè gbà á là ni kí ẹnìkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, ẹni tó sì mọ àmì ìrọbí nìkan ló lè mọ òru tó yẹ kí òun má sùn.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́

Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa, èyí kúkúrú tí ẹ ń sìn nílé, máa ń gbé oyún fún nǹkan bí ọjọ́ 145 sí 150, ìyẹn oṣù márùn-ún tó dín díẹ̀. Tí òbúkọ bá gùn ún ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ẹ máa retí ọmọ láàárín ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá. Ẹni tí kò bá rántí ọjọ́ lè fi ohun mìíràn ṣírò: ṣé ṣáájú Iléyá ni, àbí ìgbà tí àgbàdo tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà? Ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ káàkiri àdúgbò, ta ló mọ ọjọ́ tó pàdé òbúkọ? Ara rẹ̀ nìkan ni ẹ óò máa wò.

Ìṣírò yìí wúlò fún wa ní Abẹ́òkúta ju bí ẹ ṣe rò lọ. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni Odò Ògùn sábà máa ń kún jù, nígbà tí òjò bá ti kún adágún Ọ̀yán, èyí tí ìjọba ṣí ìsédò rẹ̀ ní 1983, tí wọ́n sì ní láti tú omi sílẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá gba akọ ní oṣù karùn-ún, inú àsìkò yẹn gan-an ni yóò bímọ. Òjò kan ṣoṣo náà sì tó, bí a ti rí i ní oṣù keje ọdún 2018, nígbà tí omi gba ẹ̀mí nínú ìlú wa. Tí ẹ bá padà sílé, ẹ gbìyànjú láti so òbúkọ mọ́lẹ̀ ní oṣù karùn-ún.

Ohun tí ojú rí àti ohun tí ọwọ́ kàn

Ọmú ló kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ewúrẹ́ tí kò tíì bí rí lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmú láti nǹkan bí oṣù kan sí ìgbà tí yóò bí. Èyí tó ti bí rí lè má yọ ọ́ títí yóò fi ku ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má torí pé ọmú ti tóbi kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsùn. Ìgbà tí ọmú bá le, tí awọ rẹ̀ ń dán, tí orí ọmú sì kún fọ́fọ́, ni kí ẹ fura pé ó lè má ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ mọ́.

Èyí tí àwa fọkàn tán jù ni iṣan ìdí. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ewúrẹ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka wọ́ ọ lọ sí ìdí ìrù. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ óò kan iṣan kan tó le bí bírò ìkọ̀wé. Bí ìbímọ ṣe ń sún mọ́, iṣan yìí á máa rọ̀, títí ẹ óò fi wá a tì. Ẹ̀gbẹ́ ìrù á jìn wọlé, ìka yín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lábẹ́ ìdí ìrù. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé láàárín wákàtí 24 ni yóò bí. Ẹ máa fọwọ́ kàn án láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti ìsinsìnyí lọ, kí ọwọ́ yín lè mọ bó ṣe rí kó tó yí padà. Ọmọdé ọdún mẹ́wàá lè kọ́ ọ. Ikùn náà á sọ̀ kalẹ̀, ìhà rẹ̀ á sì jìn sínú.

Omi ojú ara ńkọ́? Ikun funfun díẹ̀ lè máa yọ fún ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú, ìyẹn kì í ṣe ìrọbí. Tí ó bá wá ń fà gùn bí ọbẹ̀ ilá, tó mọ́ gaara tàbí tó pọ́n díẹ̀ bí oyin, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó dúdú tàbí tó ń rùn kò dára rárá. Ẹ wá pè wá lójú ẹsẹ̀.

Ìwà rẹ̀ náà á yí padà. Á fẹ́ dá wà, èyí tó ṣòro fún un níhìn-ín, nítorí náà ẹ lè rí i tó ń fa okùn, tó ń ké. Á máa fi ẹsẹ̀ walẹ̀, á dùbúlẹ̀, á tún dìde, á máa bojú wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Àwọn kan máa ń lá ọwọ́ ènìyàn. Àwọn mìíràn á máa fọhùn jẹ́jẹ́ sí ikùn wọn bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn yẹn rí kì í gbàgbé rẹ̀. Ìpele yìí lè tó wákàtí 12 fún èyí tí kò bí rí, ẹ má fi kánjú.

Ìnira kan wà tó jọ ìrọbí tí kì í ṣe òun. Ewúrẹ́ tó bá wọ inú àpò gàrí tàbí àgbàdo tí a pín, tó jẹ ẹ́ yó, ikùn rẹ̀ á wú, pàápàá lápá òsì, á dún bí ìlù tí ẹ bá lù ú. Òun náà á máa dùbúlẹ̀, á máa dìde, á máa kérora. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fọwọ́ kan ìdí ìrù rẹ̀, iṣan ṣì le, kò sì sí omi tó ń fà. Kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la kí dókítà ẹranko tó rí i.

Nígbà tí ó bá ti ń rọbí

Ẹ tú okùn ọrùn rẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń yí nílẹ̀ lè fi okùn pa ara rẹ̀, tàbí kí okùn lọ́ mọ́ ọmọ. Ẹ fi pákó tàbí páálí sé e mọ́ kọ̀rọ̀ kan tí omi kò dé, tó jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn àti ibi tí a ti ń dáná. Ẹ tẹ́ páálí àti koríko gbígbẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì dákẹ́. Èrò tó pé jọ máa ń dá ìrọbí dúró.

Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rún, àpò omi ni yóò kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú méjì, pẹ̀lú imú tó sùn lé wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì tó ṣáájú náà lè bọ́ láyọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti ń rún gidigidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ohun tó yọ, ẹ ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pé wákàtí kan. Bákan náà ni tí ẹ bá rí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, orí láìsí ẹsẹ̀, tàbí ìrù nìkan. Ẹ má fà á, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. A mọ̀ pé agbẹ̀bí àti bàbá àgbà máa ń ṣe é lábúlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti inú omi ẹ̀kún wá kò mọ́ tó.

Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa sábà máa ń bí ìbejì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Èkejì sábà máa ń dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ nu imú àti ẹnu ọmọ, ẹ fi aṣọ gbígbẹ ra á títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì gbé e fún ìyá rẹ̀ kó lá a. Ọmọ tí kò wọn ju kílò 1 sí 2 lọ, òtútù ló máa ń kọ́kọ́ pa á. Ẹ fi áyódìn sí ìwọ́ rẹ̀ (ó wà ní tábìlì wa, ọ̀fẹ́ ni); ẹ má fi eérú tàbí epo ẹ́ńjìnnì sí i. Kí wákàtí kan tó kọjá, kó ti mu wàrà àkọ́kọ́, èyí tó nípọn tó sì pọ́n. Àwọn kan máa ń fún un dànù pé kò dára. Òun gan-an ni ààbò ọmọ lọ́wọ́ àìsàn.

Ibi ọmọ á jáde fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí 12. Ẹ má fà á. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ wá sọ fún wa.

Ẹ̀yin aboyún wa, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ má fọwọ́ kan ewúrẹ́ tó ń bí, omi ara rẹ̀, tàbí ibi ọmọ rẹ̀, kódà bí ewúrẹ́ náà bá jẹ́ tiyín. Àwọn àìsàn kan wà nínú omi yẹn tó lè ba oyún ènìyàn jẹ́, ara ewúrẹ́ sì lè le koko síbẹ̀. Kí ẹlòmíràn ṣe é, kó fi náílọ̀n bọ ọwọ́ méjèèjì, kó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ wa ihò jíjìn sin ibi ọmọ, kí ajá má hú u. Tí oyún bá sì bàjẹ́ lára ewúrẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ ọ́ sínú gọ́tà. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ewúrẹ́ méjì tàbí mẹ́ta níbì kan, àrùn lè ti wọ àárín wọn, gbogbo ẹran tó wà ní ọgbà yìí ló sì wà nínú ewu.

Oúnjẹ, àti àwọn oníṣòwò

Ní oṣù tó kẹ́yìn, àwọn ọmọ inú ń jẹ ìyá wọn. Ewúrẹ́ tí ikùn rẹ̀ tóbi, tó kọ oúnjẹ, tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ tí kò lè dìde, tí kò sì ní àmì ìrọbí kankan, ebi ló lè máa pa á kú. Dókítà ló nílò. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí a ti ń ṣe láfún àti gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ kò wọ́n, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ ní májèlé. Ẹ sá a gbẹ dáadáa ná. Ewé ọdán àti èèpo iṣu dára sí i. Omi tí ẹ óò fún un kò gbọdọ̀ jẹ́ omi ẹ̀kún.

A ti rí àwọn tó ń wá ra ewúrẹ́ olóyún lówó pọ́ọ́kú fún ọjà Láfẹ́nwá. Títà tàbí àìtà, ọwọ́ yín ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ìdí ìrù rẹ̀ kí ẹ tó dá wọn lóhùn. Ẹni tó ń ra á mọ bó ṣe kù sí, ó yẹ kí ẹ̀yin náà mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀sìn ni, tí ẹ jọ ń pín ọmọ rẹ̀, ẹ bi olówó rẹ̀ kí ẹ tó tà á. Ìjà tó bá tìdí èyí yọ máa ń pẹ́ ju ẹ̀kún omi lọ.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ewúrẹ́ olóyún wà ní tábìlì wa. Ẹ wá kọ orúkọ yín àti oṣù tí ẹ rò pé yóò bí, kí a lè mọ ẹni tí a óò fún ní áyódìn, páálí àti náílọ̀n. Tí ìṣòro bá dé lóru, ẹ jí òṣìṣẹ́ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ni yóò wá dókítà ẹranko. Ẹni tó bá lè gbé ẹran rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, FUNAAB, ní Àlàbàtà.