Ọjọ́ Tí A Mú Àwọn Ọmọ Dé Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ta ni nínú wa tí ó ti mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo Èkó rí? N kò sọ ọjà Balógun, níbi tí à ń sáré lọ ra aṣọ. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń sọ, níbi tí ìlú náà ti ṣẹ̀.

Èmi náà kò mú wọn lọ rí títí di ọdún tí ó kọjá, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni bàbá wọn. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù ni kò ti yọjú sí agboolé wọn mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ Ẹ̀yọ̀ àti orò ẹbí pọ̀ jù níbẹ̀, òun kò fẹ́ kí ojú àwọn ọmọ òun là sí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá tí a ti ṣe ìgbéyàwó.

Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ni ó yí i padà. Wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá nípa Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ó kà á níbẹ̀ pé Èkó ni wọ́n ti ta Àjàyí fún àwọn Potogí. Ó ní, "Dádì, ṣé Èkó tiwa yìí náà ni? Níbo gan-an?" Bàbá rẹ̀ kò rí èsì fún un. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé Àjíǹde, a wọ ọkọ̀, àwa mẹ́rin, a gba orí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, a sì sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Adélé.

Ààfin ọba, Ìga Ìdúngànràn, ni a kọ́kọ́ dé. Ìta ni a dúró sí. Ìtàn sọ pé oko ata ni ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀, oko Arómirẹ́ ọmọ Ọlọ́fin, ibẹ̀ ni orúkọ ààfin náà sì ti wá. Ọkọ mi fi Ẹnu-Ọ̀wà hàn wọ́n, níbi tí wọ́n ti ń fi ọba jẹ. Àwọn kan ní "oko" ni ó di Èkó, àwọn mìíràn ní ibùdó ogun ni ní èdè Bìní. Èmi kò dá sí ìjà yẹn.

Ibẹ̀ ni ó ti sọ fún wọn bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe yìnbọn lu ìlú yìí ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852, Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti parí. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùmú ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé mìíràn, Èkó sì di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Òwò ẹrú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn wá dá dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwò epo pupa náà kò jìnnà sí ọkàn wọn.

Láti ibẹ̀, a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí agboolé ọkọ mi. Ilé mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà kan. Ní 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé àárín Èkó tí wọ́n ní kò bójú mu mọ́, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Bàbá ọkọ mi wà lára wọn. Ilé kan ṣoṣo ni ó kù, Ìyá ni ó sì ń gbé inú rẹ̀, àbúrò bàbá ọkọ mi obìnrin, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mùsùlùmí ni wọ́n. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí a wọlé.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwa ìyókù kúnlẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí kì í ní oríkì ilé wọn, wọn kò dá a dúró lórí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìyàwó wa, ìwọ lo kó wọn pa mọ́ sí Ìpájà." N kò fèsì. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ra mínírà wá fún àwọn ọmọ.

Àwa kò tí ì mu mínírà náà tán nígbà tí ọmọ mi la ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn bàbá wa wà lára àwọn tí ó ń ta ènìyàn?"

Ara mi gbọ̀n. Àwọn ìbátan méjì tí wọ́n jókòó tì wá wo ilẹ̀. Nínú àwọn agboolé wọ̀nyẹn, ìbéèrè yìí wà lára ohun tí a kì í béèrè. Bàbá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, Ìyá na ọwọ́ sókè.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn tí ó ń tà wà nínú ilé yìí. Àwọn tí wọ́n rà, tí wọn kò tà mọ́, náà wà. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bímọ. Orúkọ kan náà ni gbogbo wa ń jẹ́. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ apá ibi tí mo ti wá. Bàbá mi kò jẹ́ kí n béèrè."

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n ra mínírà sí i.

Ní ọ̀sán, a kọjá ní Ìdúmọ̀tà àti Tinúubú, a sì dé ilé ìjọ Kàtídírà ti Kírísítì ní Màrínà. Ibẹ̀ ni ibojì Àjàyí Crowther wà. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí nígbà tí ó kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Nígbà tí ìjọba tú itẹ́ náà ní àwọn ọdún 1970, wọ́n gbé egungun rẹ̀ wá síbẹ̀.

Mo jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ, mo sì sọ ìtàn náà fún wọn bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Òṣoògùn ni wọ́n ti mú un ní 1821, ọmọ bíi ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n tà á lọ tà á bọ̀ títí ó fi dé Èkó. Ìbẹ̀rù mú un nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án láti wò ó bóyá ara rẹ̀ le. Wọ́n fi ìrin sí ọrùn àgbà àti ọmọdé, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀. Bí inú bá bí àwọn àgbà, tí wọ́n fa ẹ̀wọ̀n, ọrùn àwọn ọmọdé ni ó ń jìyà rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, di ọrùn ara rẹ̀ mú. Ó ní, "Bíi Jósẹ́fù."

187 ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi náà ní oṣù Kẹrin 1822. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Àjàyí di àlùfáà ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Ní 1846, ó rí Àfàlà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ibi yìí ni omijé bọ́ lójú èmi tí mò ń sọ ìtàn.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ wo àwọn fèrèsé aláwọ̀, mo bá ọkọ mi níbi tí ó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì. Kò wò mí. Ó ní, "Wọ́n pe bàbá mi ní ọmọ ẹrú ní ìpàdé ẹbí, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo wà níbẹ̀. Kò padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú."

Ọdún mẹ́rìnlá, mo rò pé Ẹ̀yọ̀ ni.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a gun orí afárá padà. Ìyá ti ní kí a má ṣàì wá ní ọdún Iléyá. Ọmọ wa ọkùnrin béèrè láti ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá a ó lọ. Mo rò pé bàbá rẹ̀ yóò ní kí a gbàdúrà sí i ná. Ó ń wa ọkọ̀ lọ, ó ní, "A ó lọ kí Ìyá."