Kí Ló Dé Tí Ọ̀rá Ara Kọ́bọ́ọ̀dù Ìdáná Kì Í Fẹ́ Lọ?

Ẹ fi ìka kan orí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè sítóòfù yín, níbi tí ojú kì í tó. Bó bá jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń dín dòdò àti àkàrà déédéé ni, ìka yín yóò lẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fà á kúrò, eruku yóò sì bá a wá. Omi àti akísà lásán kò lè ràn án. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọwọ́ àwọn ni kò le tó. Rárá o. Epo tó wà níbẹ̀ kì í ṣe epo mọ́.

Nígbà tí a bá da dòdò sínú òróró gbígbóná, omi ara rẹ̀ á hó lójijì, á sì máa ta epo sókè wínníwínní. Ooru á gbé e lọ, á bà lé igi tó tutù. Láti ìgbà náà ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa so àwọn èérún epo mọ́ra wọn, títí wọn á fi di awọ kan ṣoṣo tó ń lẹ̀. Òróró sóyà tètè ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju epo pupa lọ, nítorí nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú èyí tí ọ́síjìn kì í tètè rí dì mú. (Àbàwọ́n epo pupa, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti ń lo àṣírí yìí tipẹ́. Epo linseed, tí wọ́n ń fún lára irúgbìn ọ̀gbọ̀, ni wọ́n fi ń po ọ̀dà. Ọ́síjìn ló ń sọ ọ́ di líle lórí àwòrán. Ọ̀pọ̀ fáníìṣì tí kafíńtà fi ń pa igi ló ń gbẹ lọ́nà kan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí: ọ̀rá tí ẹ fẹ́ yọ àti fáníìṣì tí ẹ fẹ́ dá sí, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun tó bá lè jẹ ọ̀kan lójú ẹsẹ̀ kò ní ṣàìjẹ èkejì. Kọ́ọ̀stíìkì sódà, fún àpẹẹrẹ, máa ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, bí omi eérú èèpo kòkó ṣe ń ṣe nínú ìkòkò àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú. Ṣùgbọ́n yóò bó fáníìṣì, yóò sì bó awọ ọwọ́ yín pẹ̀lú.

Àsìkò ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe agbára. Ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rẹ aṣọ rírọ̀ sínú rẹ̀, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ tẹ́ ẹ lé ọ̀rá náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọṣẹ ní apá kan tó fẹ́ràn omi, ó ní èkejì tó fẹ́ràn ọ̀rá. Ó nílò àyè láti wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gba ibi tí ìlà igi gbà. Bó bá ṣì ń lẹ̀, ẹ fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ ra á, nítorí epo tuntun máa ń mú ògbólógbòó rọ̀, kí ẹ wá fi ọṣẹ nu méjèèjì. Ẹ fi omi mímọ́ nù ún, ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún gbẹ kíá. Igi ń wú bí omi bá pẹ́ lára rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gúlú tẹ̀ kì í sì padà bọ̀ sípò bó bá ti wú.

Ti bekin sóódà àti fíníga tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp ńkọ́? Ìfófòó yẹn dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ńṣe ni méjèèjì ń pa agbára ara wọn. Bílíìṣì kì í yọ ọ̀rá, bó bá sì pàdé fíníga, gáàsì olóró ni yóò jáde. Kẹrosíìnì ń yọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò pa igi ní kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná?

Ẹ kọ́kọ́ dán ohunkóhun wò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí akísà bá gbé àwọ̀ igi jáde, ẹ dúró: fáníìṣì lẹ ti ń fọ̀.