Ṣé Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Sanwó fún Ẹni Tí Yóò Bá A Kọ CV?

 

Ní àtijọ́, "owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ" ni mo máa ń rí nínú ìwé ẹ̀yáwó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń yẹ̀ wò. Nísisìyí, mo ti rí "owó CV ọmọ." CV ni ìwé tí ẹni tí ń wá iṣẹ́ fi ń sọ ibi tí ó ti kàwé àti iṣẹ́ tí ó mọ̀. N40,000 ni òbí kan béèrè nítorí rẹ̀. Bí a bá pín in sí oṣù mẹ́wàá, N4,000 ni a ó máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀, a kò tíì ka èlé, onígbọ̀wọ́ méjì sì ti fọwọ́ sí i. Nítorí ìwé ojú ewé méjì!

Èmi kò sọ pé kí ènìyàn má náwó rárá. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà yóò sanwó fún ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́. Owó kékeré nìyẹn. Àgbàlagbà tí ó ti ṣiṣẹ́ fún 20 ọdún, tí ó sì fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́, lè wá ẹni tí yóò bá a ṣa èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ púpọ̀ tí ó ti ṣe. Ṣùgbọ́n kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ní tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní, inú ìwé àkọsílẹ̀ IT rẹ̀ ni ó wà, èyí tí wọ́n ń pè ní logbook. Láti 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò SIWES sílẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ kọ́ iṣẹ́ ní iléeṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ti àwọn ọmọ gbogboǹṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé yìí, ọ̀gá wọn níbẹ̀ a sì fọwọ́ sí i. Bí ọmọbìnrin tí ń kọ́ ìṣírò owó bá ṣe IT rẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa, yóò rí i níbẹ̀ pé òun fi ìwé báńkì wé ìwé owó ẹgbẹ́ ní òpin oṣù. Kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ó sì fi iye oṣù tí ó fi ṣe é kún un. Púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé tí à ń sanwó fún kì í béèrè ìwé yìí. Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí wọ́n ti kọ fún ẹlòmíràn ni wọ́n ń tún kọ, tí ọmọ yín àti ọmọ aládùúgbò yóò fi jọra bí ìbejì.

Ọjọ́ íntáfíù ni ọ̀ràn náà ń burú jù. Ìwé yìí ni wọn yóò tẹ́ síwájú, inú rẹ̀ ni wọn yóò sì ti máa bi ọmọ léèrè. Bí akọ̀wé bá ti kọ ọ́ pé ó mọ ìṣírò owó orí kọ̀ǹpútà, tí kò sì fọwọ́ kàn án rí, ojú ọmọ ni yóò tì, akọ̀wé kò sí níbẹ̀. Bí ó tilẹ̀ rí iṣẹ́ náà gbà, irọ́ tí a bá padà rí nínú ìwé lè mú kí wọ́n dá a dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni CV kì í ṣe ohun àkọlẹ́ẹ̀kan. Èyí tí a mú lọ sí báńkì yàtọ̀ sí èyí tí a mú lọ sí oko adìyẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ yóò tún sanwó lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ọmọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì gbé e fún olùkọ́ rẹ̀, tàbí fún ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, láti bá a tún un ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá so CV pọ̀ mọ́ ìlérí iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi wíwá iṣẹ́ fún ènìyàn ṣòwò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́. Ẹ ní kí ó fi hàn yín kí ẹ tó ka owó fún un.

Ní ti ìgbìmọ̀ tí irú ìwé ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú wọn, kí wọ́n má kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n ní kí ọmọ náà mú èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wá ná. Owó títẹ̀ ẹ́, àti owó ọkọ̀ lọ sí íntáfíù, ni kí wọ́n yá òbí rẹ̀.